Ìbéèrè àti ìdáhùn: yíyan ẹ̀kọ́ àti irinṣẹ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kóòdù ní Ilé-Ifẹ̀

Ilé-Ifẹ̀ níbí ni mo ti ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní kóòdù kíkọ, ìyẹn kíkọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà á tẹ̀ lé. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà nínú wọn, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́ ní Lágere àti Sábó wà nínú wọn, àwọn òbí náà sì máa ń wá béèrè nítorí ọmọ wọn. Ìbéèrè wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ọpọlọ kọ́ ló ń dá ọ̀pọ̀ padà lójú ọ̀nà. Wọ́n mú ẹ̀kọ́ tó ń jẹ dátà ju agbára wọn lọ, tàbí irinṣẹ́ tí ẹ̀rọ wọn kò lè gbé, nígbà tó bá sì sú wọn, wọ́n á ní kóòdù ò sí fáwọn. Ó máa ń dùn mí. Ẹ fi ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ yín, iná tí ẹ ń rí àti dátà tí ẹ lè rà ṣe òṣùwọ̀n kí ẹ tó gba ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni, tèmi náà pẹ̀lú.

Èdè kọ̀ǹpútà wo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Bí ẹ kò bá tíì mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi kóòdù ṣe, ẹ fi Python bẹ̀rẹ̀. Guido van Rossum, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ló gbé e jáde ní 1991, ó sì ṣe é lọ́nà tí ojú á fi lè tètè kà á. Ìlà kan ṣoṣo, print("Ẹ káàárọ̀"), ti tó kí ẹ tó rí nǹkan lójú kọ̀ǹpútà. Òun náà ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìṣirò ń lò lójoojúmọ́, nítorí náà ẹ kò ní jù ú nù lọ́la.

Bó bá jẹ́ ìkànnì ayélujára ló wù yín, HTML (tó ń to ojú ìwé) àti CSS (tó ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́) lẹ ó kọ́kọ́ kọ́, JavaScript (tó ń mú kí ojú ìwé dá èèyàn lóhùn) á sì tẹ̀lé wọn. Brendan Eich ló ṣe JavaScript ní 1995 nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Netscape, gbogbo búráúsà, irú áàpù bíi Chrome tí a fi ń ṣí ìkànnì, ló sì gbọ́ ọ títí dòní. Àǹfààní ọ̀nà yìí fún ẹni tí kò ní dátà púpọ̀ ni pé búráúsà tó ti wà lórí ẹ̀rọ yín ti tó láti fi rí iṣẹ́ yín.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan máa ń sọ fún mi pé èdè C ni olùkọ́ àwọn fi bẹ̀rẹ̀. C ti wà láti 1972, ó sì le díẹ̀, àmọ́ bó bá jẹ́ orí rẹ̀ ni ìdánwò yín wà, ẹ má fi í sílẹ̀ kí ẹ máa sá tẹ̀lé Python. Èdè kan ni kí ẹ dì mú. Ẹni tó bá ń lé eku méjì á pòfo.

Mi ò ní láptọ́ọ̀pù, fóònù Android nìkan ló wà lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n ṣì dúró ná?

Ẹ má dúró. Áàpù kan wà lórí Play Store tó ń jẹ́ Pydroid 3. Tí ẹ bá ti gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, Python ti wà nínú rẹ̀, ẹ lè pa dátà kí ẹ sì máa kọ kóòdù lọ. Ìpolówó ọjà máa ń yọjú nínú rẹ̀, ẹ fara dà á. Fún HTML, CSS àti JavaScript, ẹ lo Acode.

Ohun tó máa ń ni èèyàn lára ni kíbọ́ọ̀dù tó ń bo ìdajì ojú fóònù. Ọ̀pọ̀ fóònù Android ló gba okùn OTG, òun lẹ lè fi so kíbọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà gidi mọ́ ọn, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì pọ̀. Mo ti rí àwọn tó fi fóònù mọ variable (orúkọ tí a fi tọ́jú nǹkan), if (ṣe èyí bí nǹkan bá rí báyìí), loop (ṣe é lásètúnṣe) àti function (àkójọ àṣẹ tó ní orúkọ) dáadáa kí wọ́n tó rówó ra kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ á di fáìlì púpọ̀, fóònù ò sì ní lè gbé e mọ́.

Irú láptọ́ọ̀pù wo ni kí n rà?

Tòkunbọ̀ tó dáa sàn ju tuntun tó jẹ́ pé owó rẹ̀ kéré torí agbára rẹ̀ kéré. Kí ẹ tó wo orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ẹ wo nǹkan méjì: kí RAM rẹ̀ (ibi tó ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) tó 8GB, kí ibi ìpamọ́ rẹ̀ sì jẹ́ SSD, irú èyí tó yára. Ẹ̀rọ tó ń lo HDD, irú ibi ìpamọ́ àtijọ́, máa ń pẹ́ kó tó tàn, ó sì máa ń pẹ́ kó tó ṣí fáìlì. Níbi tí iná ti lè wá fún wákàtí kan kó sì lọ, ẹ kò fẹ́ fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú wákàtí yẹn dúró de kọ̀ǹpútà.

Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ì báà jẹ́ ní Lágere níbí tàbí ní Computer Village n'Íkẹjà, ẹ má sanwó kí ẹ tó yẹ bátìrì wò. Ẹ ṣí Command Prompt, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, kí ẹ tẹ powercfg /batteryreport. Windows á kọ ìròyìn kan, á sì sọ ibi tó tọ́jú fáìlì náà sí. Ẹ fi búráúsà ṣí i, kí ẹ wá ìlà méjì. DESIGN CAPACITY ni agbára tí bátìrì náà ní nígbà tó wà ní tuntun, FULL CHARGE CAPACITY ni èyí tó kù lára rẹ̀ báyìí. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ 50,000 tí èkejì sì jẹ́ 22,000, bátìrì yẹn ti pàdánù ju ìdajì agbára rẹ̀ lọ. Ẹ fi ìyẹn ná ọjà náà wálẹ̀, tàbí kí ẹ ní kó gbé òmíràn wá. Ọlọ́jà tó bá kọ̀ kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ti dá yín lóhùn nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Notepad, áàpù ìkọ̀wé inú Windows, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn pátá. Àwọn àmì tí ẹni tó ń kọ lẹ́tà lásán kì í fura sí ni a ń lò jù: àkámọ́ onírúurú, àmì ìdọ́gba, kólọ́ọ̀nù, àmì àyọlò. Bọ́tìnnì àkámọ́ kan tó bá kú á fi ojoojúmọ́ yọ yín lẹ́nu.

Ohun kan kù. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn tó wà fún Windows 10 dúró. Bí ẹ̀rọ tí ẹ ní kò bá lè gbé Windows 11, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ ní kí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá yín fi Linux Mint, tó lè rọ́pò Windows, sí i. Ọ̀fẹ́ ni, kò wúwo, Python àti ọ̀pọ̀ jù lọ irinṣẹ́ tí mo fẹ́ dárúkọ ló sì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀.

Inú kí ni kí n máa kọ kóòdù sí? Ẹnì kan ní VS Code, ẹlòmíì ní PyCharm.

Fún Python, Thonny ni mo máa ń fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Yunifásítì Tartu ní Estonia ni wọ́n ti ṣe é, akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n sì ní lọ́kàn. Ó gbé Python tirẹ̀ dání, nítorí náà ẹ kò ní máa fi ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ jà pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ń to nǹkan. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé ó lè máa gbé kóòdù yín ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kó sì fi ohun tó wà nínú variable hàn yín bó ṣe ń yí padà. Ẹni tó ti fojú rí bí loop ṣe ń yí, kò ní há a sórí mọ́.

VS Code, tí Microsoft gbé jáde ní 2015, ni ẹ ó bọ́ sí lẹ́yìn ìyẹn, òun náà lẹ ó sì lò fún HTML àti JavaScript. Ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹ bá ti ṣí i, ẹ lọ sí File, kí ẹ tan Auto Save, kí iná tó bá lọ lójijì má baà gbé iṣẹ́ yín lọ. Ẹ má kó extension, àwọn àfikún tí a ń lẹ̀ mọ́ ọn, jọ. Mo máa ń rí ẹni tí kò tíì kọ ogún ìlà kóòdù tí extension ti kún ẹ̀rọ rẹ̀ débi pé kò lè mí. PyCharm dáa, àmọ́ ó wúwo fún ẹ̀rọ tí RAM rẹ̀ jẹ́ 4GB. Fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, bó bá ń lo Windows, Notepad++ tó.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ kóòdù sínú Microsoft Word. Word máa ń yí àmì àyọlò tó nàró padà sí èyí tó tẹ̀, Python ò sì mọ èyí tó tẹ̀ rárá. SyntaxError (àṣìṣe nínú bí a ṣe kọ kóòdù) ni ẹ ó rí, ẹ ó sì wo ìlà náà títí láìrí ohun tó ṣe é.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti pọ̀ jù lórí ayélujára. Èwo ni kí n mú?

Ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí, kí ẹ pa ojú ìwé àwọn yòókù dé.

freeCodeCamp ni mo kọ́kọ́ máa ń tọ́ka sí. Quincy Larson ló dá a sílẹ̀ ní 2014. Inú búráúsà lẹ ti máa kọ kóòdù, ìgbésẹ̀ rẹ̀ kúrú, ẹ lè ṣe é fún ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó padà sẹ́nu iṣẹ́ yín. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ náà kò gba kọ́bọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń di èèyàn lọ́wọ́ mú pẹ́; lẹ́yìn apá kọ̀ọ̀kan, ẹ pa á dé, kí ẹ tún ohun tí ẹ ṣe ṣe láìwo ibẹ̀.

CS50 ti Yunifásítì Harvard, tí David Malan ń kọ́, jinlẹ̀ ju gbogbo wọn lọ. Ẹni tó bá parí rẹ̀ á mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà gan-an. Àmọ́ fídíò rẹ̀ gùn, iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ sì le. Ẹni tó ní dátà tó sì ní sùúrù ni mo ń fún. Ẹ kíyè sí i pé CS50 fúnra rẹ̀ ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí ọ̀fẹ́. Èyí tó ń gba owó ni ti edX, ìkànnì ẹ̀kọ́ tó tún ń gbé e jáde.

The Odin Project dáa fún ẹni tó fẹ́ fi ìkànnì ṣíṣe ṣiṣẹ́ jẹun, ìwé kíkà ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí ẹ lo Linux tàbí Mac, nítorí náà ẹ ti ní láti mọ ẹ̀rọ yín dáadáa. MDN tí Mozilla ń bójú tó kì í ṣe ibi tí mo ní kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí ẹ ó ti máa wá ìtumọ̀ nǹkan ni. W3Schools rọrùn ju MDN lọ láti kà, ẹ lè fi ṣe àtẹ̀gùn.

Dátà ń tán kí n tó parí ẹ̀kọ́ kan. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ yí sí ìwé kíkà. Ojú ìwé tó kọ́ni ní ohun kan náà kì í jẹ ju díẹ̀ lára dátà tí fídíò ń jẹ. Bó bá jẹ́ dandan kó jẹ́ fídíò, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ sí 360p. Kóòdù ṣì máa ń ṣeé kà níbẹ̀ lórí fóònù.

Àwọn tó ṣe Python gbé gbogbo ìwé ìtọ́ni wọn síta fún ẹnikẹ́ni láti gbà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìgbàkigbà lẹ sì lè kà á láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. DevDocs ń ṣe irú rẹ̀ fún HTML, CSS, JavaScript àti ọ̀pọ̀ èdè mìíràn nínú búráúsà. Áàpù Kiwix tún wà, tó lè gbé Wikipedia àti ìbéèrè àti ìdáhùn inú Stack Overflow, ìkànnì àwọn tó ń kọ kóòdù, sórí ẹ̀rọ yín. Fáìlì rẹ̀ tóbi, nítorí náà ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti yá ni kí ẹ ti gbà á, kí ẹ sì fi Xender tàbí fúláàṣì pín in fún ara yín. Ẹnì kan gbà á, ẹni mẹ́wàá lò ó.

Tí mo bá ń wo fídíò, gbogbo rẹ̀ ló ń yé mi. Tí mo bá ní kí n kọ ọ́ fúnra mi, ọwọ́ mi á kàn dá dúró.

Ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìní ohun kan láti fi hàn. Ẹ dín fídíò kù, kí ẹ wá iṣẹ́ kékeré kan láyìíká yín. Ẹ bá ìyá tó ń ta ẹ̀wà ṣe ìṣirò ọjà rẹ̀. Ẹ kọ èyí:

iye = input("Èló ni kọ́ńgò kan? ")
print(iye * 3)

Ẹ tẹ 2000. Ẹ̀yin ń retí 6000, àmọ́ ohun tó jáde ni 200020002000. Ẹ má tíì wá ìdáhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wò ó dáadáa: Python kọ 2000 lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì lẹ̀ wọ́n mọ́ra. Ìdí ni pé gbogbo ohun tí input bá gbà, ọ̀rọ̀ lásán ló kà á sí, bó tilẹ̀ jẹ́ òǹkà lẹ tẹ̀. Ẹ yí ìlà kìíní padà sí iye = int(input("Èló ni kọ́ńgò kan? ")), 6000 á sì jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ tí èyí ti ṣẹlẹ̀ sí kò ní gbàgbé ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀rọ̀ àti òǹkà láé, fídíò wákàtí kan kò sì lè fún un ní irú ìmọ̀ yẹn.

Láti ibẹ̀, ẹ fi kún un. Kí ó béèrè iye kọ́ńgò tí oníbàárà rà. Kí ó yọ ẹ̀dínwó fún ẹni tó bá ra ju márùn-ún lọ. Kí ó tọ́jú orúkọ ẹni tó jẹ gbèsè sínú fáìlì. Ẹ kò ní mọ ìgbà tí ẹ ó ti kọ́ if, loop àti fáìlì ṣíṣí.

Àwọn ọ̀rọ̀ pupa tó máa ń jáde tí kóòdù bá bàjẹ́ ń dẹ́rù bà mí.

Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí kà á. Ní Python, ìlà tó kẹ́yìn ló ń sọ irú àṣìṣe tó jẹ́, òkè rẹ̀ ló sì ń sọ ìlà tó ti ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá rí NameError: name 'oruko' is not defined, ó ń sọ fún yín pé òun kò mọ oruko. Ẹ gòkè lọ wò ó: ó lè jẹ́ Oruko, pẹ̀lú O ńlá, lẹ kọ́kọ́ kọ, Python kò sì ka méjèèjì sí ọ̀kan. Python 3.10 sókè tilẹ̀ máa ń bi yín bóyá orúkọ tó sún mọ́ ọn lẹ ní lọ́kàn.

Ṣé mo lè fi Yorùbá tó lámì sínú kóòdù mi?

Bẹ́ẹ̀ ni, mo sì fẹ́ kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Python 3 gba gbogbo àmì wa. Nínú HTML, ẹ má gbàgbé <meta charset="utf-8"> lókè ojú ìwé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀ àti ọ̀ lè di ìdọ̀tí lójú ẹni tó ń kà á.

Ohun kan wà tí ẹ̀kọ́ òkè òkun kì í sábà kọ́ wa. Ẹ kọ print(len("Ọ̀ṣun")). Lẹ́tà mẹ́rin ni ojú ń rí, Python á sì ní 5, torí àmì ohùn orí Ọ̀ dá dúró fúnra rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Bó bá jẹ́ kíbọ́ọ̀dù tó ń tẹ àmì ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀ lẹ lò, ó lè di 7. Nítorí èyí, ẹ lè wá orúkọ kan nínú àkójọ yín kí Python ní kò sí níbẹ̀, tó sì jẹ́ pé ẹ ń wò ó. Ẹ kọ import unicodedata lókè kóòdù yín, kí ẹ sì fi unicodedata.normalize("NFC", oruko) mú gbogbo orúkọ wá sí ìrísí kan náà kí ẹ tó fi wọ́n wé ara wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe áàpù fún àwọn èèyàn wa gbọ́dọ̀ mọ èyí. Ní ti orúkọ variable, ẹ kọ ọ́ láìlámì, kó lè rọrùn láti tẹ̀.

ChatGPT lè kọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Kí ni mo tún ń kọ́ fún?

Láti ìparí 2022 tí ChatGPT, ètò kọ̀ǹpútà tó ń dá èèyàn lóhùn, ti dé ni wọ́n ti ń bi mí. Irinṣẹ́ gidi ni, mo sì ń lò ó. Àmọ́ ní oṣù àkọ́kọ́, ẹ má jẹ́ kó kọ kóòdù fún yín. Ẹ lẹ kóòdù tí ẹ̀yin fúnra yín kọ sínú rẹ̀, kí ẹ ní kó ṣàlàyé àṣìṣe ibẹ̀, ní Yorùbá pàápàá bí ẹ bá fẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ pa á dé, kí ẹ tún un kọ. Ó máa ń fi ìdánilójú sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà míì, ẹni tí kò mọ kóòdù kà kò sì ní mọ̀ ìgbà tó ṣì í.

Ilé ẹ̀kọ́ kan ní kí n san owó ńlá, wọ́n ní mo máa ríṣẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Ẹni tó bá ṣe ìlérí iṣẹ́, ẹ sá fún un. Ilé ẹ̀kọ́ tó dáa wà, owó tí ẹ san sì lè tó bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ pé olùkọ́ á jókòó tì yín, tí iná wà, tí ẹ̀rọ sì tó. Ẹ béèrè ẹni tó ń kọ́ni gan-an. Ẹ ní kí wọ́n fi iṣẹ́ tí àwọn tó ti jáde ṣe hàn yín, kí ẹ sì ṣí i fúnra yín. Ẹ béèrè iye èèyàn tó ń pín kọ̀ǹpútà kan. Ìjọba àpapọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ètò 3MTT, tó ń kọ́ èèyàn ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ní 2023 láìgba owó, ẹ wò ó bóyá wọ́n ṣì ń gba èèyàn kí ẹ tó tọ́wọ́ bọ àpò.

Git àti GitHub ńkọ́?

Ẹ fi sílẹ̀ fún oṣù kan tàbí méjì àkọ́kọ́. Linus Torvalds ló kọ Git ní 2005, ó wà fún títọ́jú gbogbo ìyípadà tí ẹ bá ṣe sí iṣẹ́ yín. GitHub ni ibi tí ẹ ó gbé e sí lórí ayélujára. Ní ọjọ́ tí láptọ́ọ̀pù bá bàjẹ́ tàbí tí wọ́n bá jí i, iṣẹ́ yín wà níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lè fi ìdánimọ̀ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ béèrè fún Student Developer Pack lọ́wọ́ GitHub, irinṣẹ́ tó ń gba owó wà nínú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọmọ mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ṣé Python náà ni?

Rárá o, Scratch ni. MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde ní 2007 fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ sí mẹ́rìndínlógún. Wọ́n á máa to àwọn búlọ́ọ̀kù aláwọ̀ mọ́ ara wọn, àwòrán á sì máa rìn. Ó lè ṣiṣẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ jókòó tì í ní ọjọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìyẹn ẹ fi í sílẹ̀.

Mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Òyìnbó. Ṣé kóòdù á yé mi?

Ọ̀rọ̀ tí Python yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju 35 lọ, àwọn tí ẹ ó sì máa lò lójoojúmọ́ nínú wọn kò tó ogún. Ohun tó le díẹ̀ ni àlàyé inú ẹ̀kọ́, ìdí sì nìyí tí mo fi ní kí ẹ má dá a kọ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ wá ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ̀kọ́ yín jọ bára mu, kí ẹ yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé kóòdù tó kọ wá, kó sì ka ìlà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó sọ ní Yorùbá ohun tí ìlà náà ń ṣe. Ìlà tí kò bá lè ṣàlàyé, òun ni ẹ ó jọ ṣiṣẹ́ lé lórí lọ́jọ́ náà.